Ẹ Má Gba Ahọ́n Lẹ́nu Eré

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ní àgbègbè Ọbáfẹ́mi nígbàkúùgbà tí ọdún bá ń lọ sópin, tí ilé-ìwé sì ń múra eré tí àwọn ọmọ yóò ṣe níwájú àwọn òbí. Èkíní ni pé eré ìfẹ́ tí ó ní àwàdà nínú kò yẹ ilé-ìwé ìjọ. Èkejì ni pé bí eré kan yóò bá tilẹ̀ wà, kí ó jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibi púpọ̀ ni àwọn òbí tí ń bẹ ní Mowe àti Ìbafò ti wá, àti pé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ bá sọ lórí ìtàgé ni yóò fi hàn wọ́n pé owó ilé-ìwé tí wọ́n san kò ṣòfò. Àwa kò gba ọ̀rọ̀ èkíní tán, a kò sì gba èkejì rárá. Èkejì gan-an ni a fẹ́ bá jà, ṣùgbọ́n a kò lè fi èkíní sílẹ̀, nítorí ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì: ìtìjú nítorí ohun tí í ṣe ti ẹni.

Ẹlẹ́rìí tí a ó kọ́kọ́ pè kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé ará ilé ni ó ń gbe ará ilé lẹ́yìn. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá. Marcel Pagnol ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní 1895 ní Aubagne, nítòsí ìlú èbúté tí à ń pè ní Marseille. Olùkọ́ ilé-ìwé ni baba rẹ̀, òun pẹ̀lú sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di òǹkọ̀wé eré. Ẹ kíyèsí irú olùkọ́ tí ó jẹ́, ẹ̀yin ará: olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí ó mọ èdè àjèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ́ni ni, síbẹ̀ nígbà tí ó jókòó láti kọ eré tí ó sọ ọ́ di olókìkí, èdè àwọn ará èbúté Marseille ni ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn wọn tí àwọn ará Paris máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Marius ni orúkọ eré náà. Ní 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Paris. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Marius ń bá baba rẹ̀ César ta ọtí àti kọfí ní ẹ̀bá èbúté. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Fanny ń ta ìṣáwùrú àti àwọn ẹran omi mìíràn níwájú ilé ọtí náà. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, Fanny sì fẹ́ràn Marius. Marius náà fẹ́ràn Fanny, ṣùgbọ́n òkun ń pè é. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè ní èbúté, ọkàn rẹ̀ a fò lọ. Àgbàlagbà olówó kan tún wà níbẹ̀, Panisse, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ó ń ṣe aṣọ ìgbòkun fún àwọn ọlọ́kọ̀. Òun pẹ̀lú ń fẹ́ Fanny. Ìjà tí César àti Panisse ń jà, ìjà àwọn ọ̀rẹ́ ni. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́ ara wọn jẹ nídìí káàdì, ènìyàn a sì máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin, Fanny fúnra rẹ̀ ni ó tú Marius sílẹ̀ kí ó lè bá ọkọ̀ lọ, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ dá César dúró kí baba má bàa rí i pé ọmọ ń lọ.

Ẹni tí ó bá wo eyín tí ó wà nínú ẹ̀rín yẹn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín òfìfo. Eré ìfẹ́ ni, àwàdà ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń fẹ́ lọ àti ẹni tí yóò ṣẹ́kù sílé. Èwo nínú àwọn ọmọ wa ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni kò mọ ọ̀rọ̀ yìí? Òkun ni ó ń pe Marius. Fèrè ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń pe àwọn tiwa, àti ìròyìn ìlú òyìnbó. A kò wí pé kí a gbé ìtàn náà bí ó ti rí kalẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí Marius fi Fanny sílẹ̀ pẹ̀lú oyún, èyí sì ni apá kejì ìtàn náà, Fanny, dá lé lórí. Olùkọ́ ní ojú láti fi ṣa irúgbìn. Ṣùgbọ́n kí a tìtorí èyí wí pé ìfẹ́ kò yẹ lórí ìtàgé ilé-ìwé, àsọdùn ni. Ìtàn Rúùtù àti Bóásì wà nínú Bíbélì tí à ń kà fún wọn ní òwúrọ̀.

Nígbà tí sinimá tí ń sọ̀rọ̀ dé, Pagnol ní ohun èlò tuntun ni èyí fún àwọn òǹkọ̀wé eré, pé eré orí ìtàgé yóò ti inú rẹ̀ dé ibi tí òṣèré kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Àwọn tí ń ṣe sinimá bínú sí i. Wọ́n ní sinimá tí a bá mú láti inú eré orí ìtàgé, òjìji eré lásán ni. Pé àwòrán ni sinimá, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣe wí nípa fíìmù Yorùbá ní ọjọ́ iwájú, a ó sì dé ibẹ̀. Pagnol kò bá wọn pẹ́ lórí àríyànjiyàn. Ní 1931 ilé-iṣẹ́ Paramount sọ Marius di fíìmù nítòsí Paris. Alexander Korda, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó darí rẹ̀, àwọn òṣèré orí ìtàgé náà ni wọ́n sì lò: Raimu ní ipò César, Pierre Fresnay ní ipò Marius, Orane Demazis ní ipò Fanny, Charpin ní ipò Panisse. Wọn kò fọ ohùn Marseille kúrò lẹ́nu wọn. Gbogbo ilẹ̀ Faransé rẹ́rìn-ín, Paris pẹ̀lú wọn. Títí di òní ni a ṣì ń wo fíìmù náà.

Ibi tí a fẹ́ kí olùkàwé dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní àkókò kan náà, nínú ilé fíìmù kan náà, ilé-iṣẹ́ náà ya ìtàn yìí ní èdè Jámánì àti ní èdè Sweden pẹ̀lú àwọn òṣèré mìíràn. Ìtàn kan náà ni, èbúté kan náà, ìfẹ́ kan náà, Korda náà sì lọ́wọ́ nínú wọn. Ta ni ó ń wá wọn kiri lónìí bí kò ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn nìkan ni ó ń mú eré wà láàyè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìbá wà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé César tí ń sọ èdè mìíràn kì í ṣe César mọ́. Bí ó ti ń bínú, bí ó ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn, bí ó ti ń búra, inú ohùn ìlú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ àpẹẹrẹ nínú ilé, kí ó ronú nípa ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi ni ó ti jáde, Ọ̀fàdà àti Mokoloki ni a sì fi mọ̀ ọ́n. Ó pupa díẹ̀, ó ní òórùn tirẹ̀. Àkókò kan wà tí àwọn ènìyàn kan ń fi ìrẹsì funfun tí ọkọ̀ òkun gbé wá yangàn sí i. Lónìí, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn ní ilé oúnjẹ ńlá ní Èkó, owó rẹ̀ sì wọ́n. Òórùn yẹn náà ni wọ́n ń ra. Ẹni tí ó bá fọ òórùn rẹ̀ kúrò, kí ó lè dà bí èyí tí ó ti òkè òkun wá, ó ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé wàyí. Àwọn wo ni wọ́n gbé eré Yorùbá dìde? Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti ṣe olùkọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní 1944 ni ó ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa Ọgbà Édẹ́nì ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ìjọ kan ni ó sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olùkọ́ ni. Dúró Ládiípọ̀, olùkọ́ ni. Nígbà tí ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde ní Òṣogbo ní 1961, àwọn àgbà ìjọ kan bínú sí i, ó sì gbé orin náà lọ síbi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ wò ó bí ó ti rí: inú ilé-ìwé ìjọ àti inú ẹgbẹ́ akọrin ni eré Yorùbá ti jáde wá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń lé e. Ọmọ wa ni à ń sẹ́.

Àwọn wọ̀nyí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbé eré láti orí ìtàgé lọ sínú fíìmù gẹ́gẹ́ bí Pagnol ti ṣe. Ajani Ogun, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí a ṣe ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi agbára gbà ni ó wà nínú rẹ̀, Adé Love ni ó sì jẹ́ aṣáájú òṣèré rẹ̀. Balógun yìí, Paris ni ó ti kọ́ iṣẹ́ sinimá; ó lọ kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀, ó sì padà wá fi èdè ilé ṣe é. Ní 1979 ó darí Aiye, eré tí Ògúńdé ti ṣe lórí ìtàgé tẹ́lẹ̀. Ní 1982 ó darí Orun Mooru fún Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Àwọn òṣèré náà ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn, gẹ́gẹ́ bí alárìnjò ti ń gbé eégún rẹ̀ kiri, èrò sì ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní fíìmù wọn kì í ṣe sinimá gidi, pé eré orí ìtàgé ni wọ́n kàn yà sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó pọ̀ jù yẹn ni èrò ń san owó láti gbọ́! Ohun tí ó pa Bàbá Sàlá lára kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù, bí kò ṣe àwọn olè tí wọ́n da Orun Mooru kọ, tí wọ́n sì tà á kiri títí ó fi wọ gbèsè.

Ní ọ̀nà kejì, ẹ wo Kongi's Harvest. Eré Wọlé Ṣóyínká ni. Wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1970, Ossie Davis ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó darí rẹ̀, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ni ó ṣe Kongi. Síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí, òǹkọ̀wé náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. A kò lè wí pé nítorí pé àjèjì ni olùdarí ni, nítorí Korda pàápàá kì í ṣe ọmọ Marseille. Èrò tiwa ni pé fíìmù tí ọba Yorùbá àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn ti gbé ẹrù kan sórí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ó pé ọdún méjìléláàádọ́ta kí a tó rí àtúnṣe. Ní 2022 Bíyì Bándélé sọ eré Ṣóyínká mìíràn, èyí tí ó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì nípa Ẹlẹ́ṣin Ọba, di fíìmù ní èdè Yorùbá. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà, kí wọ́n tó fi fíìmù náà hàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án. Òyìnbó kà á ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ó sì yé wọn.

Ṣóyínká náà ni ó fún wa ní àwàdà ìfẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kà, kí ó sì wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. The Lion and the Jewel ni, eré tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1959. Lákùnlé, olùkọ́ ilé-ìwé, ń fẹ́ Sídì arẹwà. Kò fẹ́ san owó orí, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìwé ńláńlá bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, Sídì kò sì mọ ohun tí ó ń wí. Baálẹ̀ àgbàlagbà ni ó fẹ́ ẹ níkẹyìn. A kò gbe baálẹ̀ náà lẹ́yìn, nítorí ẹ̀tàn ni ó lò. Ṣùgbọ́n kí ni Lákùnlé fi pàdánù bí kò ṣe ahọ́n ìyá? Ọmọ olùkọ́ àgbà ilé-ìwé ìjọ ní Aké, Abẹ́òkúta, ni ó sì kọ ọ́; ó mọ irú wa dáadáa.

Àwọn alátakò wa yóò wí pé: Ó dára, ṣùgbọ́n Mowe kì í ṣe Marseille. Ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ọmọ Úróbò wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń bẹ. Èkó ti ya wọ ibẹ̀ bí omi. Báwo ni a ó ṣe wí pé kí ọmọ wọ̀nyí ṣe eré ní èdè Ẹ̀gbá? Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Ìdáhùn wa ni Pierre Fresnay. Kì í ṣe ọmọ Marseille. Ó kọ́ ohùn wọn bí ènìyàn ti ń kọ́ iṣẹ́, ó kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìran ènìyàn púpọ̀ kò fi lè rí Marius lọ́kàn bí kò ṣe pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ọmọ Ìgbò tí a bí ní Ìbafò, tí ó ń ra àkàrà ní Ìbafò, ó ti gbọ́ Yorùbá kí a tó kọ́ ọ. Eré ni yóò sọ gbígbọ́ di sísọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ilé wọn ti gba èdè náà lẹ́nu wọn ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù, èyí sì ni ìtìjú wa, kì í ṣe tiwọn.

Ewu ọ̀rọ̀ yìí sì ti pọ̀ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pa ètò náà rẹ́, mínísítà ẹ̀kọ́ sì wí pé níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń kùnà ìdánwò jù. Ṣé a ti gbàgbé ilé-ìwé Saint Stephen ní Mọ́dákẹ́kẹ́? Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò wọn ní 1970: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn. Ilé-ìwé ìjọ ni, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta níhìn-ín náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní 1859. Àwọn míṣọ́nárì tí wọ́n ti òkè òkun wá kò tijú èdè wa. Àwa ni ó wá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì.

Òfin ìjọba ń darí ohun tí a fi ń kọ́ ìṣirò. Kò sí òfin tí ó darí eré ìparí ọdún. Ọwọ́ olùkọ́ ni ó wà, ọjọ́ kan péré ni, kò sì sí ìdánwò tí yóò gba ibẹ̀ wá. Nítorí náà ni a ṣe gbé ọ̀ràn yìí wá síwájú yín, kì í ṣe síwájú mínísítà.

Ìtàn kò wọ́n ní Ọbáfẹ́mi. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lọ jókòó ti àwọn ìyá tí ń fẹ́ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ti ń bú ara wọn tìfẹ́tìfẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, láìṣe àtúnṣe ohùn Ẹ̀gbá sí ti Ọ̀yọ́. Kí baba kan wà nínú eré náà tí ó ń ta ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ fún oníbàárà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì tún ṣèlérí ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn. Kí ọmọbìnrin náà fẹ́ràn awakọ̀ tí ń gbé ìrẹsì lọ sí Ifọ̀. Kí àwọn àgbà jà, kí wọ́n sì parí rẹ̀. Fóònù olùkọ́ kan ti tó láti fi ya eré náà sílẹ̀, kí ó lè di fíìmù ní ọwọ́ àwọn òbí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yà á, kí ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún àpótí ilé-ìwé, ọ̀kan fún ilé àlùfáà.